Òkúta Ìbàdàn nílà, ti Olúmọ kò nílà: báwo la ṣe ń dá wọn mọ̀, kí ló sì ń yí wọn padà?

Tíṣà_Jọ́gíráfì

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé.

Ẹ̀kọ́ nípa irú òkúta ló kàn fún àwọn ọmọ SS2. Ìwé pín wọn sí mẹ́ta: èyí tó yọ́ nínú ilẹ̀ tó sì dì, èyí tí omi kó jọ ní ìpele-ìpele, àti èyí tí ooru pẹ̀lú ìfúnpọ̀ yí padà. Àkọ́sórí ìyẹn kò le. Ìgbà tí òkúta gidi bá dé orí tábìlì ni ọ̀rọ̀ ń dojú rú, torí àwòrán òkè oníná ilẹ̀ òkèèrè ló kún inú ìwé, kò sì sí òkè oníná kankan ní agbègbè wa.

Ohun tó wà lórí tábìlì nìyí:

– òkúta láti etí odò kan n'Ìbàdàn, ìlà funfun àti dúdú tò tẹ̀léra lára rẹ̀
– òkúta láti Abẹ́òkúta, nítòsí Olúmọ: àmì funfun ńláńlá káàkiri, kò nílà
– òkúta funfun láti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Mápó, ó le, wóró rẹ̀ ń dán
– òkúta aláwọ̀ eérú láti Ewékorò, ìkarahun wà nínú rẹ̀
– òkúta dúdú kan láti apá Iléṣà, ó wúwo ju bó ṣe tóbi lọ
– yangí, èyí tí kò sí àdúgbò tí kò sí

Ṣé òkúta Ìbàdàn àti ti Olúmọ kì í ṣe ọ̀kan náà, nígbà tó jọ pé wóró kan náà ló wà nínú àwọn méjèèjì? Ìdánwò wo làwọn ọmọ lè ṣe láìsí lábù? Bí òkúta bá sì ń yí padà lóòótọ́, níbo la ti lè fi hàn wọ́n láìjẹ́ pé a wọ bàálù lọ sí Hawaii?

---

Àpáta_Adó

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má tíì béèrè orúkọ. Ẹ kọ́kọ́ wo bí wóró inú òkúta ṣe tò. Ìtò yẹn ló ń sọ ohun tí ojú òkúta ti rí.

Ẹ mú ti Abẹ́òkúta. Ẹ fi hámà ṣẹ́ etí rẹ̀ kí ara tuntun lè yọ (kí gbogbo ẹni tó bá wà nítòsí fi nǹkan bo ojú, èérún rẹ̀ mú). Ara àtijọ́ tí òjò àti oòrùn ti pa kì í sọ òótọ́. Lára tuntun yẹn, oríṣi wóró mẹ́ta ló máa hàn. Àkọ́kọ́ ni feldspar: funfun tàbí pupa rẹ́súrẹ́sú, ojú rẹ̀ tẹ́, bí ẹ bá ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún nínú oòrùn, á kọ mọ̀nà lẹ́ẹ̀kan, á tún kú. Ìkejì ni quartz: àwọ̀ eérú, ó ń dán ṣùgbọ́n kò ní ojú títẹ́ kankan, bó bá fọ́, ó fọ́ gbágungbàgun. Ìkẹta ni mica dúdú, pẹlẹbẹ wẹ́wẹ́ tí ẹ lè fi orí abẹ́rẹ́ ṣí ní ìpele-ìpele. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dàrú mọ́ra, kò sí èyí tó dojú kọ ibì kan pàtó. Gíráńáìtì nìyẹn.

Ìdàrúdàpọ̀ yẹn ni ẹ̀rí pé ó ti yọ́ rí. Lábẹ́ ilẹ̀ lọ́hùn-ún, òkúta lè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ní nǹkan bí 700 °C bí omi bá wà nínú rẹ̀. Bó bá gbẹ, ooru tó ń fẹ́ pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó yọ́ yìí fúyẹ́ ju òkúta tó yí i ká, nítorí náà ó ń gòkè, á sì dúró sí ìjìnlẹ̀ kìlómítà mélòó kan sí ojú ilẹ̀, níbi tí á ti máa tutù wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún lọ́nà ọ̀pọ̀. Bí ìtutù bá ṣe pẹ́ tó ni wóró ṣe ń tóbi tó. Àwọn feldspar ńláńlá inú ti Abẹ́òkúta, tó lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà méjì mẹ́ta, ti ń dá nígbà tí gbogbo ìyókù ṣì ń ṣàn. Ìyókù wá dì mọ́ wọn lẹ́yìn. Èyí tó bá já dé ojú ilẹ̀ kó tó dì, wéré ló máa tutù, ojú lásán kò sì ní rí wóró rẹ̀. Basalt nìyẹn, Jos àti Biu lẹ ti máa rí i, kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa.

Ẹ wá mú ti Ìbàdàn. Òótọ́ lẹ sọ, quartz, feldspar àti mica náà ni. Ṣùgbọ́n wọ́n ti tò. Mica kọrí sí ọ̀nà kan ṣoṣo, dúdú kó ara wọn jọ, funfun kó ara wọn jọ. Gneiss là ń pè é. Òkúta yìí kò yọ́ kó tó tò. Bí a bá ń lọ sísàlẹ̀, ooru ilẹ̀ máa ń fi nǹkan bí 25 sí 30 °C lé sí i ní kìlómítà kọ̀ọ̀kan, torí náà ní bíi 20 kìlómítà, a ti wà ní nǹkan bí 500 sí 600 °C. Níbẹ̀, wóró inú òkúta ń tú, ó sì ń tún ara rẹ̀ dá láìjẹ́ pé òkúta náà di omi. Bí ìfúnpọ̀ bá wá ń ti ẹ̀gbẹ́ méjì tẹ̀ ẹ́, mica á yí padà kó lè fi ojú pẹlẹbẹ rẹ̀ kọ ohun tó ń tẹ̀ ẹ́. Ibi tí ìlà ti wá nìyẹn.

Bí ooru bá lé díẹ̀ sí i, apá funfun á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, apá dúdú kò ní yọ́. Ẹ lọ wo àpáta etí odò n'Ìbàdàn dáadáa, ẹ ó rí iṣan funfun tó ń wọ́ kọ́lọkọ̀lọ láàárín ìlà dúdú. Ààlà láàárín òkúta àyípadà àti òkúta tó yọ́ lẹ ń wò yẹn, ìwé tó pín in sí mẹ́ta gédégédé kò ní sọ èyí fún yín.

Ní ti ọjọ́ orí, gneiss Ìbàdàn lé ní bílíọ̀nù 2 ọdún. Gíráńáìtì Abẹ́òkúta àti Ìdànrè kò ju nǹkan bí mílíọ̀nù 600 ọdún lọ. Àsìkò yẹn ni ilẹ̀ tiwa yìí àti ilẹ̀ tó wà lápá ìwọ̀-oòrùn wa kọlu ara wọn. Àpá ìkọlù náà ṣì wà ní òkè Atakora tó gba àárín Togo àti Benin kọjá. Gíráńáìtì wọ inú gneiss tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Ẹni tó bá sọ fún àwọn ọmọ pé gíráńáìtì ló máa ń kọ́kọ́ wà kí ó tó di gneiss kò purọ́ pátápátá, ó lè rí bẹ́ẹ̀ níbòmíràn, àmọ́ kì í ṣe gíráńáìtì Olúmọ ló di gneiss Ìbàdàn.

Ohun kan tó máa ń tan èèyàn jẹ: ìgbà mìíràn, feldspar ńláńlá inú gíráńáìtì máa ń dùbúlẹ̀ sí ọ̀nà kan, torí pé ohun tó yọ́ yẹn ń ṣàn nígbà tó ń dì. Bó bá jẹ́ pé feldspar nìkan ló tò, tí dúdú àti funfun kò pínyà, ẹ má pè é ní gneiss.

---

Agbẹ́kànga

Tíṣà béèrè ibi tí a ti lè rí ìyípadà. Ẹ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí katakata ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, tàbí ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ bọ́ọ̀hóòlù. Òkúta ń yí padà níbẹ̀ lónìí olónìí, kò sì fẹ́ iná.

Òjò ń gba inú afẹ́fẹ́ àti inú ewé jíjẹrà kọjá, ó ń di ásíìdì tó rọ̀ gan-an. Tó bá bá feldspar, ó ń fọ potassium àti sodium inú rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, ohun tó ṣẹ́ kù ni amọ̀ funfun, ẹfun gan-an. Mica dúdú ní irin nínú, irin yẹn ń dípẹtà, ni ilẹ̀ fi ń pọ́n. Quartz ni kò gbọ́, kò gbà. Ó ń jábọ́ ní wóró-wóró, ó ń di yanrìn. Torí náà, gíráńáìtì kan ṣoṣo lè di ẹfun, ilẹ̀ pupa àti yanrìn pa pọ̀, láì kúrò lójú kan.

Nígbà tí ẹ̀rọ bá ń gbẹ́ ilẹ̀ ní Ìbàdàn, Òṣogbo tàbí Adó-Èkìtì, bí erùpẹ̀ tó ń jáde ṣe máa ń tò rèé. Ilẹ̀ dúdú tó kéré. Lẹ́yìn náà, ilẹ̀ pupa tàbí yangí, mítà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, amọ̀ olómi aláwọ̀ ìyeyè tàbí funfun tó lè jìn tó mítà 10 sí 20, níbòmíràn jù bẹ́ẹ̀; bí ẹ bá wò ó dáadáa, ìlà gneiss ṣì wà nínú amọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ọwọ́ lásán ń rún un. Lẹ́yìn náà, òkúta tó ti ń jẹrà, tó sán káàkiri. Ìparí rẹ̀ ni òkúta tútù tí kò tíì jẹ rárá.

Omi wà nínú amọ̀, ṣùgbọ́n amọ̀ kì í fi omi sílẹ̀. Wóró rẹ̀ kéré jù. Òkúta tútù tí kò sán, kò ní omi tó lè fúnni. Àárín àwọn méjèèjì lomi wà. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé wọ́n á dá ẹ̀rọ dúró ní kété tó bá kan ibi líle, bóyá owó ti tán, kànga náà á sì gbẹ ní oṣù kejì ọdún. Òdìkejì rẹ̀ náà ń ṣẹlẹ̀: wọ́n á máa lu òkúta tútù lọ títí wọ mítà 100, pẹ̀lú ìrètí pé omi wà nísàlẹ̀. Ẹ máa wo èérún tó ń jáde. Bí èérún bá ní àbàwọ́n pupa tàbí bíráwùn lójú kan, omi ti gba ibẹ̀ kọjá, ojú sísán lẹ kàn yẹn. Bí gbogbo ojú rẹ̀ bá mọ́, tó jẹ́ aláwọ̀ eérú fún ọ̀pọ̀ mítà láìdá, ẹ ronú kí ẹ tó tẹ̀ síwájú.

Ìdí kan náà ló jẹ́ kí òkè wà níbi tó wà. Gneiss ní ìlà, omi ń gba ojú ìlà wọlé, ó ń jẹrà kíákíá, ó ń di ilẹ̀ títẹ́. Gíráńáìtì Ìdànrè, ti Olúmọ àti ti Adó-Àwáyé kò ní ojú sísán púpọ̀, omi ń ṣàn kúrò lára wọn ni, wọ́n wá dá dúró gogoro. Bí ìwúwo tó wà lórí wọn ṣe ń ṣí kúrò, ara wọn ń wú, wọ́n sì ń bó ní ìpele bí àlùbọ́sà. Àwọn pẹlẹbẹ ńlá tó ń yọ̀ ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta Ìdànrè, ibẹ̀ ni wọ́n ti wá.

---

Lábù_Kékeré

Ẹ jẹ́ kí n mú ti ìdánwò. Èékánná, ìṣó irin, ègé dígí, ọtí kíkan, òṣùwọ̀n tó ń kọ́ àti garawa omi ti tó.

Ẹ kọ́kọ́ fi nǹkan ya á. Lórí òdiwọ̀n líle 1 sí 10 tí Mohs ṣe, èékánná jẹ́ 2.5, ìṣó àti dígí wà ní bíi 5.5, feldspar 6, quartz 7. Calcite, ìyẹn ohun tó wà nínú òkúta Ewékorò àti nínú mábù, jẹ́ 3. Bí ìṣó bá ya òkúta funfun yín, kì í ṣe quartz. Bí òkúta bá ya dígí, kì í ṣe calcite. Lẹ́yìn tí ẹ bá ya á, ẹ fi ìka nù ún: ìṣó tó rọ̀ ju òkúta lọ máa ń fi irin tirẹ̀ sílẹ̀ bí ìlà, àwọn ọmọ á sì rò pé òkúta ló ya. Bó bá nù kúrò, ìṣó ló jẹ́.

Talc wà nísàlẹ̀ pátápátá, 1, èékánná ń ya á tìrọ̀rùntìrọ̀rùn. Òkúta tí talc pọ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n fi gbẹ́ àwọn ère Èsìẹ́ ní Kwara, abájọ tí irun orí àti ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn wọn fi hàn wínníwínní. Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn n'Ifẹ̀, gíráńáìtì ni, ó ga tó bíi mítà 5.5, kò sí ẹni tó máa fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ.

Ti ásíìdì: ọtí kíkan tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ á hó lórí òkúta Ewékorò, ṣùgbọ́n hóhó rẹ̀ kéré, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé etí sún mọ́ ọn. Bí ilé ìwé bá ní hydrochloric acid tí wọn kò tíì fi omi là, ìwọ̀n 1 rẹ̀ sí omi ìwọ̀n 3 ló máa fún yín ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Ásíìdì lẹ ó dà sínú omi, ẹ má da omi sínú ásíìdì láéláé, yóò ta sókè. Kí ẹnikẹ́ni má sì mú omi bátìrì mọ́tò wá. Yàtọ̀ sí pé ó ń jó ara, èèpo funfun kan ló máa bo ojú òkúta náà, hóhó á dáwọ́ dúró, ẹ ó wá sọ pé kì í ṣe òkúta tó ń hó.

Ti ìwúwo: ẹ so òkúta mọ́ okùn tín-ín-rín, ẹ wọ̀n ọ́n nínú afẹ́fẹ́, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n nígbà tó bá rì sínú omi. Ẹ fi ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì pín ìwọ̀n ti inú afẹ́fẹ́. Bí òkúta dúdú Iléṣà bá jẹ́ gíráàmù 1,240 nínú afẹ́fẹ́, 820 nínú omi, ìyàtọ̀ jẹ́ 420, ìdáhùn á jẹ́ 2.95. Gíráńáìtì kì í sábà kọjá 2.6 sí 2.7. Ohun tó ń ba ìdánwò yìí jẹ́ ni pé òkúta fara kan ìsàlẹ̀ garawa, tàbí ihò afẹ́fẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ẹ mì ín nínú omi kí ẹ tó kà á. Yangí kò ṣe é wọ̀n báyìí, ihò inú rẹ̀ pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ kó sun inú omi mọ́jú.

Dúdú Iléṣà yẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé amphibolite ni. Basalt ló jẹ́ tẹ́lẹ̀ kí ooru àti ìfúnpọ̀ tó yí i padà. Ohun tó sọ ọ́ di dúdú ni hornblende, ẹ ó rí i ní igi-igi wẹ́wẹ́ bí ẹ bá fi gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó. Nítorí náà, òkè oníná tí ẹ sọ pé a ò ní, a ní i rí.

---

Tíṣà_Jọ́gíráfì

Ẹ ṣeun púpọ̀, Ọlọ́run á bá wa dá a padà fún yín.

Àwọn ọmọ ti ṣe é. Ti Mápó ya dígí, kò hó. Ti Ewékorò hó dáadáa. Ìṣòro dé nígbà tí ẹnìkan mú òkúta funfun wá láti Ìgbẹ́tì, tí wọ́n sọ pé mábù ni. Ìṣó ya á, ṣùgbọ́n ọtí kíkan kò hó lórí rẹ̀. Ṣé wọ́n tan wá ni?

---

Lábù_Kékeré

Wọn ò tàn yín. Mábù Ìgbẹ́tì ní dolomite púpọ̀, magnesium wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú calcium, dolomite kì í sì í dá ásíìdì lóhùn kíákíá. Ẹ fi ìṣó ha á títí ẹ ó fi rí ìyẹ̀fun, kí ẹ wá kán hydrochloric acid yẹn sórí ìyẹ̀fun náà. Yóò hó. Ọtí kíkan kò lágbára tó fún un, àfi tí ẹ bá gbé e gbóná díẹ̀.

Ti Mápó ni quartzite. Yanrìn ni nígbà kan. Yanrìn dì mọ́ra di òkúta, òkúta yanrìn náà wá rí ooru, àwọn wóró rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra débi pé tí ẹ bá fọ́ ọ, ojú fífọ́ á gba àárín wóró kọjá. Òkúta yanrìn lásán, ojú fífọ́ á gba ẹ̀gbẹ́ wóró, yóò sì fi yanrìn sí yín lọ́wọ́. Torí pé quartz kì í jẹrà, gẹ́gẹ́ bí Agbẹ́kànga ṣe sọ, ni Mápó, Òkè Àrẹ̀mọ àti Mọ́kọ́lá fi ga ju àyíká wọn lọ. Quartzite náà ló wà ní Ìkògòsì l'Ékìtì: òjò ń gba ojú sísán rẹ̀ wọlẹ̀ jìnnà, ó ń gbóná nísàlẹ̀, ó sì ń padà jáde ní nǹkan bí 37 sí 38 °C.

Òkúta Ewékorò kò tíì rí irú ooru bẹ́ẹ̀. Òkun ló bo ibẹ̀ ní nǹkan bí mílíọ̀nù 60 ọdún sẹ́yìn, ìkarahun àti ẹrẹ̀ funfun kó jọ, wọ́n dì. Bí a bá rí ìkarahun tó pé nínú òkúta, kò tíì di mábù. Ooru mábù ń pa ìkarahun rẹ́.

---

Bíríkìlà_Àgbà

Ẹ gbà mí láàyè, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé. Àwọn tó ń ta òkúta ilé ìdáná ń pe gbogbo ohun tó bá ti ń dán ní mábù. Ẹ kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ní rí, kí ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mábù á ṣú níbẹ̀, dídán rẹ̀ á lọ. Gíráńáìtì kò ní mọ̀ pé ẹ kán nǹkan sí òun. Ẹni tó ń gún ata, tó ń fún ọsàn nílé ìdáná kò gbọ́dọ̀ fi mábù ṣe orí káńtà.

Ti kọnkéré ló ká mi lára jù. Gbogbo òkúta tí wọ́n bá ti fọ́ ni wọ́n ń tà fún wa ní orúkọ gíráńáìtì. Ẹ mú ẹ̀kúnwọ́ kan nínú òkúta 3/4 (ìwọ̀n ínǹṣì), ẹ tẹ́ ẹ. Bí èyí tó rí pẹlẹbẹ bá pọ̀ níbẹ̀, tó sì ń dán yanran, mica pọ̀ jù nínú òkúta tí wọ́n fọ́. Òkúta pẹlẹbẹ ń dùbúlẹ̀ sábẹ́ irin, omi síméǹtì ń kó sábẹ́ rẹ̀, ihò á wà níbẹ̀ tí kọnkéré bá gbẹ. Mica fúnra rẹ̀ kì í jẹ́ kí síméǹtì lẹ̀. Èyí tí àwọn olókúta ọwọ́ fi táyà sun kí wọ́n tó fọ́ ọ náà kò dára fún òpó ilé. Ní tèmi o, gneiss kankan kò gbọdọ̀ wọ inú òpó.

---

Àpáta_Adó

Bàbá, mo fara mọ́ ti iná, ìdí rẹ̀ nìyí: quartz máa ń yí ìtò inú rẹ̀ padà lójijì ní 573 °C, ó sì ń wú lẹ́ẹ̀kan náà. Òkúta á sán, ohun tí wọ́n ń wá nìyẹn, ṣùgbọ́n ojú sísán tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí ojú kò rí á ṣẹ́ kù nínú gbogbo ègé rẹ̀.

Ti gneiss ni mi ò gbà. Gneiss tó jẹ́ feldspar àti quartz ló pọ̀ jù níbẹ̀, tí mica rẹ̀ kéré, kò sí ohun tó ṣe é. Ọ̀pọ̀ ibi ìfọ́kúta ní agbègbè Ìbàdàn, òun gan-an ni wọ́n ń fọ́. Schist ni kí ẹ sá fún, ìyẹn òkúta tó jẹ́ ẹrẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí mica wá gba gbogbo inú rẹ̀. Ẹ lu ègé kan pẹ̀lú hámà: òkúta tútù á dún kíkankíkan, èyí tó ti ń jẹrà á dún bòòmù, ó sì máa ń ní ìpẹtà láàárín wóró. Ẹ gbé e sínú omi lálẹ́, bó bá rún lọ́wọ́ lówùúrọ̀, ẹ dá mọ́tò padà.

Bí eruku bá bo òkúta, ẹ fi omi fọ̀ ọ́ kí ẹ tó pò ó, gneiss tàbí gíráńáìtì. Síméǹtì ń lẹ̀ mọ́ eruku yẹn ni, kì í ṣe mọ́ òkúta.

---

Tíṣà_Jọ́gíráfì

Ó kù ọ̀kan. Yangí ń kọ́? Nínú mẹ́ta inú ìwé, ibo ni kí n fi í sí?

---

Agbẹ́kànga

Kò bá èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mu dáadáa, ẹ má fi tipátipá tì í wọ̀ ọ́. Kò yọ́, odò kò gbé e wá, ooru inú ilẹ̀ kò sì tẹ̀ ẹ́. Jíjẹrà òkúta ló bí i. Lásìkò òjò, omi abẹ́ ilẹ̀ ń gòkè, ó ń gbé irin tó ti tú nínú òkúta dání. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ó ń lọ sílẹ̀, irin yẹn á dúró, á dípẹtà, á di àwọn wóró mọ́ra. Bó ṣe ń tún un ṣe lọ́dọọdún, ilẹ̀ pupa á di yangí. Ibi tí igbó bá ti kúrò lórí rẹ̀, tí oòrùn wá ń pa á tààrà, ó máa ń le sí i, omi kò sì lè sọ ọ́ di rírọ̀ mọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ kí àwọn ọmọ rí i, ẹ fọ́ yangí kan sí méjì, ẹ fọ inú rẹ̀. Wóró quartz inú gneiss àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀, irin ló kàn dì wọ́n mú. Kí wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta onílà yẹn, kí wọ́n sì fi gíláàsì wo wóró méjèèjì.